Abẹ́ ewé ni kí ẹ wò: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ spider mite

Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé màá kọ nǹkan nípa spider mite, ẹ̀dá kékeré bíńtín tó máa ń fa omi inú ewé mu, torí kò sí bí oṣù kan ṣe máa lọ kí ẹnì kan má fi fọ́tò ewé ránṣẹ́ sí mi pé ẹ jọ̀ọ́ kí ló ń ṣe òdòdó mi, bí mo bá sì ti ṣí fọ́tò yẹn tí mo rí i pé ojú ewé ti kún fún àmì funfun wẹ́wẹ́ bíi pé ẹnì kan fi orí abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, mo ti mọ ohun tí màá béèrè: ṣé ẹ ti yí ewé yẹn padà wo abẹ́ ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ pé rárá. Èmi náà ò wo abẹ́ ewé nígbà tó kàn mí, òdòdó 4 ló sì bá a lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń ká mi lára.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ní alocasia kan tí mo tọ́jú láti ìgbà tó ti wà ní ewé 2, tó wá fẹ̀ tó dúdú mìnìjọ̀, iwájú fèrèsé ló wà, nínú yàrá tí ooru máa ń mú tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń gbẹ. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé àwọ̀ ewé ìsàlẹ̀ kan ti ń ṣí, ó dà bíi pé eruku bò ó. Mo fi aṣọ tútù nù ún, kò lọ. Mo ní bóyá omi ni ò tó, mo bomi rin ín. Mo tún ní bóyá ebi ló ń pa á, mo fún un ní ajílẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yẹn sọ́kàn torí mo ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí n tó rí nǹkan kan tó ń dán níbi tí ọrùn ewé ti so mọ́ ewé, bí fọ́nrán òwú tó tínrín gan-an, oòrùn àárọ̀ ló tàn sí i ni mo fi rí i. Mo tẹjú mọ́ ọn. Àwọn nǹkan kan tí ò tó hóró iyọ̀ ń rìn lórí fọ́nrán yẹn, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀, wọn ò kánjú rárá. Ara mi bù máṣọ. Ìgbà tí mo wá yí ewé yẹn padà, abẹ́ ẹ̀ kún fọ́fọ́: àwọn tó ń rìn, àwọn tó dúró sójú kan, awọ ara tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ tó funfun bí ẹfun, àti ẹyin róbótó róbótó tó mọ́ gaara bí ẹ̀kán omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé.

Spider mite kì í ṣe kòkòrò bíi ti eṣinṣin tàbí èèrà o. Mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn ni, ó tún wá sún mọ́ eégbọn tó máa ń wà lára ajá ju bó ṣe sún mọ́ kòkòrò lọ. Ẹsẹ̀ 8 ló máa ń ní tó bá dàgbà, àmọ́ ẹsẹ̀ 6 ló ní nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé àti nínú greenhouse, ìyẹn ilé onígíláàsì tàbí oníláílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, ni wọ́n ń pè ní Tetranychus urticae, àwọ̀ ẹ̀ máa ń dà bí omi ewé, ó ní àmì dúdú 2 lára, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Abo ẹ̀ tó ti dàgbà ò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, akọ tiẹ̀ tún kéré sí i. Kò sí nǹkan tí kì í jẹ, irú ewéko tí wọ́n ti rí i lára ẹ̀ lé ní 1,000, látorí róòsì, ivy, ọ̀pẹ inú ilé, calathea, dé orí kùkúmbà, ẹ̀wà, tòmátò, ata àti strawberry. Bó ṣe ń jẹun ni pé ó ní nǹkan tó dà bí abẹ́rẹ́ lẹ́nu, á gún abẹ́ ewé, á fa ohun tó wà nínú ibi kékeré yẹn mu pẹ̀lú àwọ̀ tútù tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ fún ara ẹ̀, ibẹ̀ á wá ṣófo, òun lẹ máa ń rí lójú ewé bí àmì funfun. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá ewé ò ní mọ̀. Tí wọ́n bá ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ewé á pọ́n, á dà bí àwọ̀ idẹ, á rọ, á já bọ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá òun ni: ẹ mú bébà funfun kan, ẹ gbé e sábẹ́ ewé, ẹ fi ìka lu ewé yẹn bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ wá dúró, kí ẹ má mí sí i. Eruku ò ní rìn. Spider mite á rìn, ẹ ò ní dúró pẹ́ tí ẹ fi máa rí àwọn àmì kéékèèké tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ lórí bébà. Tí ẹ bá ní awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ẹ máa rí àmì dúdú 2 yẹn kedere, tí ò bá sí, kámẹ́rà fóònù náà ń gbìyànjú, ẹ ya fọ́tò abẹ́ ewé kí ẹ wá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òwú o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí ò bá sí òwú kì í ṣe spider mite, irọ́ ni, òwú túmọ̀ sí pé wọ́n ti pọ̀ kọjá ààlà. Òwú yẹn ni wọ́n fi ń dáàbò bo ẹyin, òun ni wọ́n ń gùn kọjá láti ewé kan sí òmíràn, tí òdòdó bá wá ń kú lọ, wọ́n á gùn ún dé ṣóńṣó orí ẹ̀, wọ́n á kóra jọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí á gbé wọn pẹ̀lú fọ́nrán wọn lọ sórí òdòdó tó kàn.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn tí mo rí wọn ni mo fẹ́ kí ẹ má ṣe. Ìbínú ni mo fi ṣe é. Mo mú oògùn apakòkòrò tí mo ní nílé, irú èyí tó ń pa gbogbo ohun tó bá ń fò tó bá ń rà, mo fín in sára gbogbo òdòdó yàrá yẹn láti òkè, ojú ewé tutù rin, mo sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọjọ́ kejì kò sí ohun tó ń rìn lórí òwú, inú mi dùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ti dé ara ivy tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ti dé ara calathea méjèèjì, ọ̀pẹ kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ náà ti ń gbẹ ní ṣóńṣó ewé.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ojú ewé ni mo fín, abẹ́ ewé ni wọ́n wà, oògùn ò kàn wọ́n rárá àyàfi díẹ̀. Ìkejì, oògùn yẹn ò ran ẹyin. Ìkẹta ló dùn mí jù: púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò tó wọ́pọ̀, pàápàá àwọn pyrethroid, àti imidacloprid náà, kì í pa spider mite dáadáa, àmọ́ wọ́n ń pa àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń jẹ ẹ́, ibi tí ẹ bá ti fín wọn, àlàáfíà lẹ fún spider mite. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé spider mite sábà máa ń ya bo ewéko lẹ́yìn tí wọ́n bá fín irú oògùn bẹ́ẹ̀. Torí náà tí ẹ bá fẹ́ ra oògùn, ẹ ka lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀ dáadáa bóyá wọ́n dárúkọ mite síbẹ̀. Tí wọn ò bá dárúkọ ẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, torí òun gan-an ló yí ọ̀rọ̀ padà fún mi: ìṣirò ọjọ́. Agbára oògùn kọ́ ló ń pa spider mite tán nínú ilé, ọjọ́ tí ẹ kà ni. Nínú yàrá tó gbóná tó nǹkan bí 30°C, ẹyin tí wọ́n yé lónìí lè di àgbà tó ń yé ẹyin tiẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní 20°C, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Abo kan lè yé ẹyin tó lé ní 100 kó tó kú, kò dẹ̀ pọn dandan kó rí akọ kó tó yé e. Ẹyin tí akọ ò bá lọ́wọ́ sí, akọ ló máa ń bí, abo kan ṣoṣo tó bọ́ sórí òdòdó yín lè bí akọ tiẹ̀, kí wọ́n wá jọ bẹ̀rẹ̀ ìdílé. Láàárín ẹyin sí àgbà ó tún máa ń dúró jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti bọ́ awọ ara, nígbà yẹn kì í jẹun, kì í rìn, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ẹ wá rò ó wò: lọ́jọ́ tí ẹ bá fín nǹkan, àwọn àgbà nìkan lẹ pa, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń rìn. Ẹyin ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bọ́ awọ náà ṣì wà. Tí ẹ bá wá dúró torí pé ẹ ò rí nǹkan tó ń rìn mọ́, ẹ ti fún wọn láàyè láti jáde látinú ẹyin, láti dàgbà, láti yé ẹyin mìíì, gbogbo ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ fọ òdòdó, mo máa ń lọ sí kàlẹ́ńdà, màá sàmì sí i. Tí ojú ọjọ́ bá gbóná, màá tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tó bá tutù díẹ̀, ọjọ́ méje méje, ó kéré tán ìgbà mẹ́rin, kódà tó bá jẹ́ pé láti ìgbà kejì ni mi ò ti rí nǹkan kan. Ìgbà kẹta àti ìkẹrin ló máa ń ṣòro jù fún èèyàn torí òdòdó ti ń dára, ó ti ń yọ ewé tuntun, ọwọ́ ti ń rọ. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀ yín o. Ìgbà kẹta yẹn ni ẹ ń rí àwọn tó jáde látinú ẹyin lẹ́yìn ìgbà kejì mú.

Omi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì rí ohun tó ṣiṣẹ́ tó o. Mo kọ́kọ́ máa ń gbé òdòdó yẹn kúrò láàárín àwọn yòókù, mi ò kì í gbọ̀n ọ́n, mi ò kì í jẹ́ kí ewé ẹ̀ fi ara kan òmíràn lójú ọ̀nà. Màá gé ewé tó ti bàjẹ́ jù, màá kó o sínú láílọ́ọ̀nù, màá so ó pinpin kí n tó gbé e jáde, torí wọ́n máa sá kúrò lórí ewé tó ń kú. Màá wá fi láílọ́ọ̀nù bo iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, màá so ó mọ́ ìdí igi òdòdó kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa dà nù, màá fi ẹ̀gbẹ́ òdòdó lélẹ̀ nínú balùwẹ̀, kí n wá tan ṣáwà sí abẹ́ ewé. Ọwọ́ òsì mi á wà lábẹ́ ewé, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i kó má bàa ya, omi á máa bọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè, màá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rọra máa tọ iṣan ewé láti ìdí dé etí, torí ẹ̀gbẹ́ iṣan yẹn ni ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́ jù. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀ ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, ó máa ń le díẹ̀ bí iyanrìn tó kúnná. Tí ọwọ́ bá ti ń yọ̀ dáadáa, mo ti ṣe tán pẹ̀lú ewé yẹn. Alocasia kan ṣoṣo lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń fún un ní wákàtí yẹn.

Lẹ́yìn tí omi bá ti gbẹ ni mo máa ń fín ọṣẹ tàbí epo. Ọṣẹ tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ewéko, tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí ẹ máa pò ó sí ara ẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ìyẹn máa ń jó ewé torí ó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, ó tún ní àwọn nǹkan míì nínú. Ọṣẹ ò ní agbára kankan tó bá ti gbẹ. Ìgbà tó bá ṣì tutù lára máìtì yẹn nìkan ló ń pa á, torí náà èyí tí kò bá tutù lábẹ́ ewé kò kú, gbogbo ọ̀rọ̀ ò ju ìyẹn lọ. Epo tí wọ́n ṣe fún ewéko, tàbí epo dóńgóyárò, máa ń dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mí, ó dẹ̀ tún lè pa ẹyin, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn epo ju ọṣẹ lọ fún ìgbà kejì. Ẹ kọ́kọ́ fín in sí ewé kan kí ẹ dúró ọjọ́ 2 wò ó, torí àwọn òdòdó kan ò gba epo rárá, fern àti àwọn tí ewé wọn ní irun ló sábà máa ń bínú. Ẹ má fín in nínú oòrùn, ẹ má fín in nígbà tí ooru bá ti ju 32°C lọ, ẹ má fín in sí òdòdó tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fún un lómi ná. Bí ẹ bá ti lo oògùn tó ní sulfur (imí ọjọ́) nínú, ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí epo tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì pọ̀ máa ń jó ewé gan-an.

Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn ṣáà máa fín omi sáfẹ́fẹ́ yí òdòdó ká, pé spider mite ò fẹ́ ọ̀rinrin. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti ooru ni wọ́n fẹ́ràn jù, ibi tó bá ní ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pọ̀. Àmọ́ kò pa wọ́n, omi tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Omi tó ń gbá wọn dànù yàtọ̀ sí omi tó ń bà lé wọn lórí.

Àti ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo rò pé ebi ló ń pa alocasia mi tí mo fún un ní ajílẹ̀, spider mite gan-an ni mo ń bọ́. Ewé tó bá ti ní náítírójìn jù, omi inú ẹ̀ máa ń dára fún wọn, abo tó bá ń mu ún máa ń yé ẹyin púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdòdó tí òùngbẹ ń gbẹ, ó máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn yá ju èyí tó ń mumi dáadáa lọ. Torí náà kò sí ajílẹ̀ fún òdòdó tí mo bá ń wẹ̀, ó di ìgbà tó bá yọ ewé tuntun tó mọ́.

Ìgbà tí mo wá rí ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ìgbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbin kùkúmbà nínú greenhouse. Inú greenhouse ni spider mite ti ń jayé jù, ibẹ̀ gbóná, òjò ò lè fọ ewé, afẹ́fẹ́ ò lè gbá a, oúnjẹ lọ súà. Mo bá wọn nínú iṣẹ́, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ oògùn wo lẹ ń fín tí ewé yín fi mọ́ báyìí? Wọ́n ní "mi ò fín nǹkan kan, wá wo ibí". Wọ́n yí ewé kan padà, wọ́n kó awò wọn sí mi lọ́wọ́. Mo rí spider mite díẹ̀ àti àmì funfun wọn, mo wá rí òmíì tó pupa bí ọsàn tó ti pọ́n, tó rí bí ẹ̀kán omi, ara ẹ̀ ń dán, tó ń sáré. Òun ò rìn bíi tàwọn yẹn, eré ló ń sá, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ síwájú bíi pé ó ń wá nǹkan, ó dé ibi ẹyin kan, ó dúró, ìgbà tó kúrò níbẹ̀ ẹyin yẹn ti rọ̀ pẹlẹbẹ. "Ọdẹ mi nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Phytoseiulus persimilis lorúkọ ọdẹ yẹn. Máìtì lòun náà, àmọ́ spider mite nìkan ló ń jẹ, kì í jẹ ewé, kì í bu èèyàn jẹ. Lọ́dún 1958 ni wọ́n rí i ní Jámánì lára òdòdó orchid tí wọ́n kó wá láti Chile, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá, láti ibẹ̀ ló ti tàn ká àwọn greenhouse káàkiri ayé. Tí ooru bá bá a lára mu, bíi 20 sí 27°C, tí ọ̀rinrin sì ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó máa ń dàgbà yá ju spider mite fúnra ẹ̀ lọ, ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ ẹyin tó tó 20 tàbí àgbà bíi 5 lóòjọ́. Inú ike ni wọ́n máa ń tà á sí pẹ̀lú èérún nǹkan gbígbẹ, ẹ ó wá máa bu èérún yẹn wọ́n sórí ewé ibi tí spider mite wà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tẹnu mọ́ fún mi ni àsìkò. Wọ́n ní "má dúró kí òwú bo ewé kó o tó kó ọdẹ wá, ọdẹ mẹ́wàá ò lè lé odindi ìlú". Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ fọ̀, ẹ fín ọṣẹ kí iye wọn lè dínkù, ọṣẹ tó ti gbẹ ò ní ṣe ọdẹ ní nǹkan kan, kí ẹ wá kó ọdẹ sí i lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fín pyrethroid, ó lè wà lára ewé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí á máa pa ọdẹ.

Ó ní ibi tí ọdẹ yìí ò ti ṣe dáadáa. Lórí tòmátò, irun tó ń lẹ̀ lára ewé àti igi ẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ gbẹ, ẹyin ẹ̀ máa ń rọ kí ọmọ tó jáde nínú ẹ̀. Bí spider mite bá sì ti tán, ebi á pa á kú tàbí kó lọ, torí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́jú dè wọ́n. Irú kejì wà tí wọ́n ń pè ní Neoseiulus californicus, òun ò yára tó persimilis àmọ́ ó gba gbígbẹ àti ooru jù ú lọ, ó tún lè jẹ nǹkan míì bíi pollen, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, tí spider mite ò bá sí, òun ló dára jù kí ẹ kó sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Èmi ti lo òun nínú ilé lórí àwọn òdòdó tó tóbi jù láti gbé lọ sí balùwẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Tó bá wá jẹ́ pé oko greenhouse ńlá lẹ ní, tó dé ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ lo oògùn máìtì gidi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo ẹyọ kan ṣoṣo léraléra. Kò sí kòkòrò oko tí ara ẹ̀ tètè ń mọ́ oògùn bíi spider mite, oògùn tí wọ́n ti rí i pé kò ran án mọ́ níbì kan tàbí òmíràn lé ní 90. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka jíìnì ẹ̀ tán tí wọ́n gbé e jáde ní 2011, wọ́n rí i pé jíìnì tó ń bá a tú májèlé ká nínú ara pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, ó bọ́gbọ́n mu fún ẹ̀dá tó ń jẹ irú ewéko tó lé ní 1,000, ewé kọ̀ọ̀kan ló ní majele tiẹ̀. Lára lébẹ̀ẹ̀lì oògùn ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ tó wà sí, ìyẹn àwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ike, torí orúkọ méjì lè jẹ́ oògùn kan náà. Ẹ yí nọ́ńbà padà. Abamectin ń pa àwọn tó ń rìn, hexythiazox àti etoxazole ń mú ẹyin àti ọmọ, ẹ ò lè retí pé kí ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn onígreenhouse lẹ́nu níbi tí òtútù ti máa ń mú. Tí ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òtútù ń bọ̀, àwọn abo kan máa ń yí àwọ̀ padà, wọ́n á di pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á dáwọ́ jíjẹ dúró, wọn ò ní yé ẹyin, wọ́n á lọ fara pamọ́ sí inú ihò igi, ẹ̀yìn páìpù, abẹ́ ìkòkò, inú ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wọn nígbà yẹn. Èèyàn á rò pé wọ́n ti tán, tí ọjọ́ bá tún gùn tí ibẹ̀ gbóná wọ́n á jáde. Àwọ̀ pupa yẹn tún máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ọdẹ ni, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn, ọdẹ ń sáré, èyí kì í sáré. Ìdí nìyẹn tí fífọ greenhouse láàárín ọ̀gbìn méjì fi ṣe pàtàkì, kí ẹ hú gbogbo koríko, kí ẹ kó gbogbo ewé, kí ẹ fọ ìkòkò àti tábìlì. Koríko tó wà lábẹ́ tábìlì gan-an ni ilé ìsinmi wọn.

Nínú òdòdó 4 tí mo sọ pé mo pàdánù, ọ̀kan nínú wọn, ivy yẹn, èmi fúnra mi ni mo pinnu pé kó lọ. Ewé ẹ̀ ju 200 lọ, gbogbo ẹ̀ ló ti kó o, mi ò lè fọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin, bó ṣe wà níbẹ̀ ló ń kó o ran àwọn tó kù. Mo fi láílọ́ọ̀nù ńlá bò ó mọ́lẹ̀ níbi tó wà kí n tó gbé e, mi ò fà á kọjá láàárín yàrá. Ó dùn mí, ọdún 3 ni mo fi tọ́ ọ, àmọ́ tí mo bá tún bára mi níbẹ̀ ohun kan náà ni màá ṣe, màá kàn tètè ṣe é ni.

Alocasia yẹn ò kú. Ewé kan ṣoṣo ló kù lára ẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ nígbà kẹrin, ó ní 5 báyìí. Òdòdó tuntun tó bá wọlé mi, yàrá ọ̀tọ̀ ló máa ń gbé fún ọ̀sẹ̀ 3, mi ò kì í fi ọwọ́ tí mo fi kàn án kan àwọn yòókù láìfọ̀ ọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ báyìí, calathea kékeré kan, ọjọ́ kẹtàlá ẹ̀ nìyí. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo lu ewé ẹ̀ sórí bébà tí nǹkan 2 gbéra rìn, mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo tún wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo tún wẹ̀ ẹ́ lónìí, bébà mọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó kẹ́yìn. Ìgbà kẹrin ṣì kù, mo ti sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà.